Aṣọ́lé Nínú Òtútù

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé sí Kútọnu fún ìsinmi, a péjọ sí ilé àbúrò ọkọ mi ní Cadjèhoun, à ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìdíje àṣekágbá ni, ní ìlú òyìnbó kan, ní pápá tí kò ní òrùlé. Yìnyín ń bọ́. Àwọn òǹwòran ti di ara wọn sínú aṣọ bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Èémí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń yọ bí èéfín. Fáànù ń yí lórí wa, síbẹ̀ à ń làágùn.

"Ó mà rẹwà o!" ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí. "Ó funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n."

Àbúrò ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, pé inú òtútù ni a ti ń mọ ọkùnrin. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi, torí èmi ni mo ń gbé ibi tí yìnyín wà. Wọ́n bi mí bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ níta gbangba nínú irú òtútù yẹn. Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ tán kí wọ́n tó padà wọ pápá fún abala kejì. Aṣọ́lé kan ni mo ń wò. Bọ́ọ̀lù kò sí nítòsí rẹ̀. Ó ń fò sókè sódò lójú ilé rẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Kámẹ́rà kò pẹ́ lára rẹ̀.

Ọmọ Pobè ni mí. Kútọnu ni mo ti kàwé tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àdúgbò Gbégamey níbẹ̀ ni mo sì ti lọ́kọ. Ọkọ mi jẹ́ kutiriyé, bí a ti ń pe télọ̀ níbẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni a kó lọ sí Kánádà, sí apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, a sì fi Ràmátù ọmọ wa sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Gbégamey kó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí a tó lọ, òtútù tí mo mọ̀ kò ju ti ọyẹ́ lọ, èyí tí a fi ń pa òrí sí ètè, tí a fi ń ráhùn títí oòrùn á fi ràn.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde síta níbẹ̀, irun inú imú mi gan. Mo rò pé kòkòrò kan ló kó sí mi nímú. Obìnrin aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Òtútù òní kò pọ̀." Mo gbà á gbọ́. Kí n tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, omijé ti dì sí mi nípèéǹpéjú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òtútù kò pọ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí bàtà náà bá ga dé orúnkún, mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀rín wọn náà, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Kútọnu, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ọ lọ́jà fẹ́ kí o rajà ni, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ ìyá rẹ. Níbẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á sì kọjá lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà? N kò rí i, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́, ní yàrá ìfọṣọ. Mo ń ká aṣọ ibùsùn. Àwọn ẹ̀rọ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ó di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí lórí Wasáàpù kí n tó gbọ́ ohùn ara mi, ohùn náà á sì há bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ṣé ara rẹ kò yá ni?" ẹ̀gbọ́n mi á bi mí.

"Ara mi yá. N kò tíì sọ̀rọ̀ lónìí ni."

"Láti àárọ̀? Ìwọ tí o kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀! Wọ́n á gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ."

Bàbá Ràmátù, ọkọ mi, rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún aṣọ ṣe. Nígbà tí òtútù dé, mo ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́. Ó bínú. "Kutiriyé á ra ìbọ̀wọ́? Ta ni mo fẹ́ fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà fún?" Ó mú àjákù ańkárá, ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ó rán ìbọ̀wọ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Gbégamey pé kí aṣọ rí: kó jókòó sára, kó má ṣe fẹ̀, kó má ṣe mì. Ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ bí awọ ara. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń yìn ín nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun tí kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀, ni pé aṣọ tó bá fún mọ́ ara níbẹ̀ kì í lé òtútù. Àlàfo inú rẹ̀ ni ó ń móoru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan bọ́ọ̀sì kò tètè dé. Nígbà tí ọkọ mi fi dé ṣọ́ọ̀bù, ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, ti funfun bí ẹfun. Ó fi abẹ́rẹ́ gún wọn, kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó yá, orí wọn dúdú, wọ́n sì bó.

Mo jókòó tì í lọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní, "Wọn kò kú. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá tún bu ìka méjì yìí jẹ, ó lè di pé mo máa gé wọn." Ìka méjì yẹn ni ó fi ń di abẹ́rẹ́ mú, àwọn náà ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ní Kútọnu, àwọn ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún máa ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Fẹ́térà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ikùn á máa ṣáájú, wọ́n á máa bú ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó jẹun. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tó wà nílùú tí à ń gbé ní Kánádà dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi ni aṣọ́lé wọn. Kò fẹ́ràn eré sísá láti ìgbà èwe rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn tó ní òrùlé ni wọ́n ti ń gbá a nígbà òtútù, dókítà sì gbà fún un pé kó máa lọ.

Ìdíje àwọn fẹ́térà wà ní ìlú náà. Ikọ̀ wa kì í jìnnà níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n borí, wọ́n tún borí. Ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ọkọ mi mú pẹ́nátì. Ó fò sí ọ̀tún, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Mo wà níbẹ̀. Mo dìde, mo sì kígbe, èmi tí ohùn mi kì í jáde. Nígbà tí mo pe Gbégamey, ẹ̀gbọ́n mi figbe bọnu débi pé àwọn aládùúgbò wá bi í ta ló kú.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ wọn: wọn kò ní gbá àṣekágbá nínú gbọ̀ngàn. Pápá ìṣeré ńlá ti ìlú náà ni, níta gbangba, ní oṣù Kejìlá. Àwọn tí ikọ̀ wa fẹ́ bá gbá a jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọmọ ìlú náà ni gbogbo wọn.

Inú ọkọ mi dùn. Ó ti pe Ràmátù, ó ti ṣàpèjúwe àga pápá náà fún un. Inú mi kò dùn. Mo jókòó, mo ń rò ó: láti ìgbà tí òtútù ti dé, abẹ́ òrùlé ni gbogbo wọn ti ń gbá a. Nígbà tí ó wá kan àwa, wọ́n ká òrùlé kúrò. Ta ló ká a? Ta ni ó ṣe láǹfààní?

Ní ibi iṣẹ́, arúgbó kan wà tí mo máa ń gbé aṣọ lọ fún, Mùsíè Zẹrá. Madáàmù Bẹ̀nẹ̀ ló ń pè mí. Lọ́jọ́ kan mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Yìnyín bo pápá náà débi pé a kò rí ìlà ilẹ̀.

"Mùsíè Zẹrá," ni mo wí, "kí ló dé tí wọn kò gbá a lábẹ́ òrùlé? Ẹ ní gbọ̀ngàn tó tó ọjà."

"Lábẹ́ òrùlé? Ife tí èèyàn gbà lábẹ́ òrùlé, ìyá mi náà lè gbà á, ó sì ti kú tipẹ́."

"Àlejò ńkọ́? Ẹni tí kò mọ òtútù?"

Ó ṣẹ́jú sí mi. "Òtútù ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa, Madáàmù Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí oòrùn bá ń mú nílùú yín, ṣé ẹ máa ń fi òrùlé bo pápá nítorí àlejò?"

Mo rántí ikọ̀ òyìnbó kan tó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọnu nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n pọ́n bí ata. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀ láàárín pápá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwa sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ sílé. Òtútù ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. A jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a jẹun tán, mo sọ ọ́.

"Bàbá Ràmátù, ẹ jẹ́ kí Kòfí, igbákejì yín, dúró sójú ilé."

"Kòfí? Kòfí tó máa ń dijú bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀?"

"Ìka yín ńkọ́?"

"Mo ní ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé."

"Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kìíní náà. Àwọn yòókù ń sáré, ara wọn á móoru. Ẹ̀yin, ìdúró ni iṣẹ́ yín."

"Bí àwọn tó wà níwájú bá gbá a dáadáa, bọ́ọ̀lù kò ní dé ọ̀dọ̀ mi rárá."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ ó kàn dúró ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé òtútù lé mi kúrò lójú ilé? Lọ́jọ́ orí mi yìí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àṣekágbá? Fi mí sílẹ̀, jàre."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Gbé bàtà rẹ̀ pamọ́."

"Á ra òmíràn."

"Gbé òun fúnra rẹ̀ pamọ́ nígbà náà. Ṣé ilé yín kò ní yàrá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Baba Ganíyù. Ọmọ Kétu ni, òun ló dàgbà jù nínú wa, òun sì ni olórí ẹgbẹ́. Mo lọ kí ó lè fi orúkọ ẹni tó gbìmọ̀ náà hàn mí.

"Ìyàwó wa, jókòó. Mu omi."

"Ẹ ṣeun, Baba. Baba, ta ló mú pápá ìta yẹn? Ṣé àwọn awakọ̀ ni?"

"Rárá o. Ìpàdé la ṣe. Madáàmù Lísì tó ń darí ìdíje ló pè wá. Ó ní ìlú ti yọ̀ǹda pápá ńlá fún wa, ṣé ó tẹ́ wa lọ́rùn."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo dúpẹ́."

"Ẹ dúpẹ́, Baba?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún onílé lójú gbogbo èèyàn pé ohun tó gbé kalẹ̀ kò dára? Àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo mu kọfí tí wọ́n gbé fún mi, mo sì dákẹ́. Ẹni tó bá lójú yóò rí i pé mo dákẹ́. Mò ń retí kó pè mí sẹ́yìn, kó tún bi mí, kí n lè sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́."

"Ṣé ó ti pè yín?"

"Kò tíì pè."

Mo fẹ́ bínú, n kò sì lè bínú, nítorí mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́, ọ̀gá wa gbé oúnjẹ wá síwájú mi, ó ní ṣé mo máa jẹ. Mo ní rárá, mo dúpẹ́, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo ń retí kó tún bi mí. Ó gbé àwo náà lọ. Mo ń ká aṣọ, ebi ń pa mí, mo sì pè é ní ahun nínú ọkàn mi fún ìgbà pípẹ́. Nílé, wọ́n á bi ọ́, wọ́n á tún bi ọ́, wọ́n á sì fi àwo náà sí ọ lọ́wọ́. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ohun tí o bá sọ sì ni wọ́n máa gbà. N kò tíì mọ èwo ló dára jù. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ìlú méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tó dúró kí ó tó la ẹnu.

"Baba," ni mo wí, "wọn kò ní pè yín. Bí onílé kò bá pè wá sẹ́yìn, ṣé a kì í rán ẹnìkan sí i ni?"

"À ń ránṣẹ́."

"Ẹ rán mi."

Ó wò mí títí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí, ó sì mọ̀. "Lọ," ni ó wí. "Kí ohun tó dùn ṣáájú ọ."

Madáàmù Lísì rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní àga. Mo sọ ti ìka méjèèjì fún un. Mo sọ ohun tí dókítà wí. N kò fi nǹkan kan kún un.

"Ṣùgbọ́n Mùsíè Ganíyù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni ó wí. "Kò sí ẹnikẹ́ni tó ní òun kò fẹ́."

"Ó dúpẹ́, Madáàmù. Ó wá rán mi sí yín báyìí láti sọ ìyókù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní òun nìkan kò lè pinnu. Òun máa bi àwọn awakọ̀, bí wọ́n bá kọ̀, pápá ìta ni. Mo dìde, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tí òtútù ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ṣé yóò lé e kúrò nínú ikọ̀ rẹ̀ ni?

Wọ́n gbà. Madáàmù Lísì pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí balógun wọn fi ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ọ̀kan nínú wọn ní irin nínú orúnkún, òmíràn ní ikọ́ fée. Wọ́n ti ń bẹ̀rù pápá ìta láti ọjọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ onílẹ̀ ṣe fẹ́ sọ lójú ará Áfíríkà pé òtútù ilẹ̀ òun pọ̀ jù? Wọ́n ti dákẹ́. Baba Ganíyù ti dákẹ́. Olúkúlùkù ń bo iyì rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì. Bóyá wọ́n mọ̀ pé àwọn lágbára jù nínú gbọ̀ngàn. Bóyá Madáàmù Lísì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ pápá ńlá. N kò mọ̀ títí di òní. Ohun tí mo mọ̀, tí n kò lè sọ fún wọn ní Cadjèhoun, ni pé àwọn tó ń pinnu pé kí wọ́n gbá ife ẹ̀yẹ níta máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Kí wọ́n bi ẹni tó máa dúró sínú rẹ̀. Bí ó bá sì dúpẹ́, kí wọ́n tún bi í.

A sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ti yí ibẹ̀ padà, a kò sọ ẹni tó fà á. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "N kò tún ní dé irú pápá yẹn mọ́ láyé mi," ni ó wí, ó sì kọjú sí ògiri. Mo gbé àwo kúrò. Mo ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Wọ́n gbá a nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n nà wá ní mẹ́ta sí ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, balógun àwọn awakọ̀ bi ọkọ mi léèrè, "Ta ni nínú yín tó lọ bá Madáàmù Lísì? Ìyàwó mi fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹgbẹ́ wa ni," Baba Ganíyù tètè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí mo jókòó sí. Ọkọ mi tẹ̀lé ojú náà.

Nígbà tí a délé, ó jókòó láìbọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n gbá wọ ilé mi. Bí ó bá jẹ́ níta ni, tí ẹsẹ̀ wọn gan, ẹyọ kan kì bá tí wọlé. À bá ti gba ife."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ó lè jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ka ìka ọwọ́ yín fún mi."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní Faransé, kíákíá, pẹ̀lú ìbínú, títí ó fi dé mẹ́wàá.

Mo ní kó tún wọn kà ní èdè wa, kí n lè gbà á gbọ́.